Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ Frankie

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń jà ràn-ìn láàrin àwa olùkọ́: bí ènìyàn bá fi ìwà búburú han ọmọ, ṣé ó ti fi kọ́ ọ nìyẹn? Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ oògùn olóró nínú yàrá àwọn olùkọ́, ẹlòmíràn á ní kí a rẹ ohùn sílẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Àwa náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Kí a tó sọ ohun tí ó yí wa lérò padà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti da ẹjọ́ yìí rò lórí fíìmù kan, tí gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ sì wo ibi tí kò yẹ.

Orúkọ fíìmù náà ni The Man with the Golden Arm. Àwọn Faransé ń pè é ní L'Homme au bras d'or. Otto Preminger ni ó darí rẹ̀. Frank Sinatra, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ni ó ṣe Frankie Machine, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí. Apá Frankie jẹ́ apá wúrà nítorí pé kò sí ẹni tó mọ káàdì í pín tó o nínú ilé tẹ́tẹ́ àdúgbò rẹ̀ ní Chicago. Apá yìí kan náà ni ó ń nà fún abẹ́rẹ́. Bí ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ti ibi tí ìjọba ti tọ́jú rẹ̀ bọ̀. Ara rẹ̀ ti mọ́, ó gbé ìlù dání, ó fẹ́ máa fi ìlù lílù jẹun. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí ó padà sí kò yí padà. Louie tó ń ta oògùn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá onítẹ́tẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Zosh aya rẹ̀ wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ó ń díbọ́n pé òun kò lè rìn mọ́ láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀ tí Frankie fà, kí ọkọ rẹ̀ má baà fi òun sílẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, Frankie tún na apá.

Ní ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá Amẹ́ríkà ní òfin kan tí wọ́n fi de ara wọn. Ọdún 1930 ni wọ́n kọ ọ́. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ líle mú un. Òfin náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi òwò oògùn olóró ṣe ìtàn. Nígbà tí Preminger gbé fíìmù rẹ̀ dé, wọn kò fún un ní èdìdì. Ilé-iṣẹ́ United Artists tó ń pín fíìmù náà kò tẹrí ba: wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì gbé e jáde láìní èdìdì ní ìparí ọdún 1955. Àjọ àwọn Kátólíìkì tí ń yẹ fíìmù wò kò tilẹ̀ fi í sí ipò èyí tí onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fojú kàn. Ohun tí wọ́n wí ni pé apá kan nínú rẹ̀ kò bá ìwà rere mu. Àwọn ènìyàn wọ́ lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ yin Sinatra, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Oscar ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó gbà á. Bosley Crowther, alámèyítọ́ New York Times, ní tirẹ̀, kò rí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ariwo. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún 1956, wọ́n ti tún òfin náà kọ. Sinimá lè sọ̀rọ̀ ẹni tí oògùn ti di bárakú fún.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà títí di òní: akọni kan dojú kọ òfin àgbàlagbà, òtítọ́ borí. A gbà pé apá kan ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀. Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú, àwọn tó sì fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ dá ààbò bo ọmọ kò bo nǹkan kan. Ní àkókò tí òfin ń sé sinimá lẹ́nu, oògùn náà kò sé ara rẹ̀ mọ́lé.

Àwa ọmọ Kétu àti agbègbè rẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, ìlú a máa péjọ sí gbàgede ọjà, tàgbà tèwe. Ẹ̀fẹ̀ a gbóhùn sókè, a tú àṣírí olè, a bá alágbèrè wí, a fi olóyè tó jẹ owó ìlú ṣe ẹlẹ́yà. A kò tíì gbọ́ kí àgbà kan dìde pé kí wọ́n kó àwọn ọmọdé lọ sílé, kí orin olè má baà kọ́ wọn ní olè jíjà. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí a bá sọ ní gbangba ti pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni irin iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹ̀rín ìlú kò sì lè wo ẹni tí oògùn ti mú lẹ́rú sàn. Preminger kò ní kí a fi Frankie rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a jókòó tì í. Nígbà tí Louie ń gún un lábẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ni ó fi hàn wá. Ẹni tó bá wo ojú yẹn tí ó sì sọ pé òun fẹ́ ìgbádùn irú èyí, kì í ṣe fíìmù ni ó kọ́ ọ.

Nítorí náà, àwọn tó bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ṣì í. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù nínú fíìmù náà wà ní ìparí rẹ̀, àwọn onídàájọ́ kò sì bá a wí lórí ìyẹn rárá, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti dà bí ìwàásù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọlọ́pàá ń wá Frankie nítorí ikú Louie, bẹ́ẹ̀ Zosh ni ó ti Louie lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn nígbà tí ó rí i tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Molly, obìnrin tó fẹ́ràn Frankie ní tòótọ́, gbà á sínú yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Frankie gbọ̀n, ó pariwo, ó lu ilẹ̀kùn, ó yí nílẹ̀. Òtútù mú un títí Molly fi kó gbogbo aṣọ tó wà ní yàrá bò ó. Kò sí ẹni tó lè wo ibẹ̀ kí àánú má ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ó ti tán. Ara Frankie ti mọ́. Zosh bẹ́ sílẹ̀ láti òkè, ó kú, Frankie àti Molly sì rìn lọ.

Ìwé Nelson Algren tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, èyí tó jáde ní ọdún 1949 tí ó sì gba ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn ìwé tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò parí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, Frankie fúnra rẹ̀ ni ó pa Louie, ó sá fún ọlọ́pàá títí ó fi pokùnso. Algren kò fẹ́ràn fíìmù náà rárá. Àwọn kan rò pé ìbínú òǹkọ̀wé tí wọ́n yí ìwé rẹ̀ padà lásán ni. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ta ni yóò san owó sinimá kí ó lọ wo ọkùnrin tó pokùnso? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ìparí tó tù wọ́n lára. Kí ni ó burú níbẹ̀?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kíláàsì première tí a ń kọ́. Ó mọ ìwé. Bí ó bá ka ewì sókè, àwọn tó kù a dákẹ́. Ìgbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní kíláàsì, òógùn a bò ó ní àárọ̀ kùtùkùtù, yóò sì máa fèsì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá mìíràn. Nígbà tí wọ́n tú àpò rẹ̀, wọ́n bá páálí tramadol níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń lò kí wọ́n lè gun ọ̀kadà mọ́jú. Ìjọba ti kó ọjà oògùn Àjégúnlẹ̀ tó wà nínú Dantokpa nílẹ̀ ní ọdún 2017, a sì rò pé ó ti parí; ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kọ́ ni oògùn ń gbà wọlé. Àwọn olùkọ́ kan ní kí a lé ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wá pé kí a fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹbí lọ́wọ́. Wọ́n mú un lọ sí abúlé, wọ́n tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà gbé oúnjẹ fún un.

Nígbà tí ó padà dé, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Inú gbogbo wa dùn. A na ọwọ́ sí i níwájú kíláàsì, a ní, "O ti di ọkùnrin." Ohun tí a sọ nìyẹn, a sì rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí a bá a sọ. A kò béèrè ohun tó mú un bẹ̀rẹ̀. A kò béèrè ẹni tí yóò máa bá a jókòó ní ìrọ̀lẹ́, ní wákàtí tí ó máa ń lò ó. Kò sí ẹni tó sọ pé kí ó lọ rí dókítà. Kí ni ara líle ń wá lọ́dọ̀ dókítà? Oṣù kan kò pé tí ó fi ṣubú ní pápá bọ́ọ̀lù, gìrì mú un. Ó ti padà sídìí oògùn náà, ó sì lò ó tó bí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Dókítà tó gbà á sílẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé tramadol fúnra rẹ̀ lè fa gìrì bí ó bá pọ̀ jù, àti pé ara tó ti sinmi kò lè gbé ẹrù tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ènìyàn bá padà sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi lè jẹ́ ọjọ́ tí ó léwu jù lọ. Ọmọ náà kò kú. Kò padà sí ilé-ìwé mọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni a wo fíìmù Preminger, ní alẹ́ ọjọ́ kan, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ wa kan. Nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá Molly ṣí, ọ̀rẹ́ wa mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọpẹ́ o, ó bọ́." Àwa kò lè sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé àwọn onídàájọ́ ọdún 1955 wo ibi tí kò yẹ. Wọ́n ń wá ibi tí fíìmù náà ti lè kọ́ ènìyàn ní oògùn lílò, wọn kò rí i pé ohun mìíràn ni ó ń kọ́ni: pé yàrá tí a tì pa, ìfẹ́ obìnrin kan, àti ìgboyà ọkùnrin kan tó. Ẹ̀kọ́ yẹn wọlé láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó dùn ún gbọ́. Ó bá ohun tí ẹbí fẹ́ mu, ó bá ohun tí olùkọ́ fẹ́ mu. Ó tún ní ohun tó burú lẹ́yìn: bí ó bá jẹ́ pé ìgboyà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó bá tún ṣubú kò ní ìgboyà nìyẹn, ọ̀lẹ ni, kí a jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. A kò tì í mọ́ yàrá mọ́. A ti í síta.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n orí kò gbà fún wa. Ó ní sinimá kì í ṣe ìwé dókítà, pé bí a bá ní kí gbogbo ìtàn máa sọ bí àìsàn ṣe ń rí gan-an, ìtàn yóò kú. Ó tọ̀nà dé ìwọ̀n kan. A kì í bi onírárà ní iye ẹni tó kú lójú ogun. Ṣùgbọ́n Preminger kò wá bí onírárà. Ó wá pé òun yóò sọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fi pamọ́, ìyẹn ni ó fi ja òfin lulẹ̀. Ẹni tó bá fi òtítọ́ ṣe apata, a lè bi í léèrè bóyá ó gbé e dé òpin ọ̀nà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a ṣe ojúsàájú: ìwé Algren náà kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ẹni tó wà nínú oògùn bá ka ìwé tí okùn ti parí ohun gbogbo, kí ni yóò fi gbìyànjú? Ní ti èyí, Preminger ṣe ohun kan tí Algren kò ṣe. Ó jẹ́ kí àwọn tó wà ní sinimá fẹ́ kí Frankie yè. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré ní Amẹ́ríkà ìgbà náà. Ní ọdún 1956, ọdún kan náà tí sinimá gba àyè láti fi ẹni tí oògùn mú hàn bí ènìyàn, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun tí ó fi kún ọdún ẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, tí ó sì gba ìdájọ́ ikú láàyè fún àgbàlagbà tó bá ta hẹroíìnì fún ọmọdé. Àwọn kan náà tó sunkún fún Sinatra lálẹ́ lè ti fọwọ́ sí òfin yẹn láàárọ̀. Ó yẹ kí èyí rẹ àwa tó fẹ́ràn ìwé àti sinimá sílẹ̀ díẹ̀.

Ó pẹ́ kí a tó rí iṣẹ́ kan tó mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. The Wire ni, tí àwọn Faransé ń pè ní Sur écoute, eré tẹlifíṣàn alápá márùn-ún tí wọ́n fi hàn láti ọdún 2002 sí 2008, tí ó sọ nípa òwò oògùn olóró ní ìlú Baltimore. Gbogbo alámèyítọ́ ni ó ń yìn ín lónìí, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀bùn Emmy kankan rí. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bubbles. Oògùn ti mú un lẹ́rú. Ó ń ta irin àlòkù, ó ń ṣe amí fún ọlọ́pàá, ó ń purọ́, ó sì ṣe ènìyàn. A rí i tí ó gbìyànjú, tí ó ṣubú, tí ó tún gbìyànjú. Nígbà tí ó fi oògùn sílẹ̀ gbẹ̀yìn, inú yàrá abẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó ń gbé, ẹ̀gbọ́n náà a sì máa ti ilẹ̀kùn orí àtẹ̀gùn, nítorí pé ó ti jà á lólè rí. Kò sí ẹni tó lè dá obìnrin náà lẹ́bi. Lójoojúmọ́ ni Bubbles ń lọ sí ìpàdé àwọn tí wọ́n ti bọ́ nínú oògùn, ó ń ta ìwé ìròyìn, ó ń padà wá sábẹ́ ilé. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kẹ́yìn eré náà, láìsí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan, a rí i tí ó gun àtẹ̀gùn, tí ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tí ó ń jẹun.

Ilẹ̀kùn ni ti Frankie, ilẹ̀kùn ni ti Bubbles. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti Frankie, wọ́n tì í kí oògùn má baà wọlé. Ọjọ́ tí ó ṣí ni ìtàn parí. Ti Bubbles, àwọn ará ilé ni wọ́n tì í mọ́ ọn, nítorí ohun tí ó ti ṣe sí wọn, ó sì gba ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó lè ṣí i. Iṣẹ́ ti ẹ̀gbọ́n obìnrin yẹn, tí kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ nínú gbogbo eré náà, ni a kò ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó ti ilẹ̀kùn, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lé e kúrò nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ta epo kpayo báyìí ní ẹ̀bá ọ̀nà, kò jìnnà sí ọ̀nà tí a ń gbà lọ ilé-ìwé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ń ra epo sí alùpùpù wa. Ó pẹ́ kí a tó ní ìgboyà láti bi í nípa ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn. Ó ní, "Ọ̀gá, nínú yàrá yẹn, kò sí ibi tí mo lè lọ, mo kàn ń sunkún ni. Ìgbà tí mo jáde ni mo rí i pé ibi gbogbo ni ó wà. Ẹ̀yin náà wá ń kí mi kú oríire." Kò bínú nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ó ní ó ti tó oṣù méje báyìí tí òun kò fọwọ́ kàn án, pé dókítà kan ní ilé ìwòsàn ń rí òun lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti pé ìyá òun ni ó ń bá òun ka owó epo lálẹ́.

Ní sáà tó ń bọ̀, a fẹ́ fi fíìmù Preminger han kíláàsì première, bí ọ̀gá ilé-ìwé bá gbà. A sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, a sì bi í bóyá yóò lè wá jókòó pẹ̀lú wa. Ó béèrè bóyá ọkùnrin inú fíìmù náà kú. A ní nínú ìwé, ó kú. Nínú fíìmù, ó yè, ó bá obìnrin kan lọ. Ó da epo sínú alùpùpù wa tán, ó fi ìdérí ìgò dé e, ó gba owó.

Ó ní, "Lẹ́yìn tí ó bá obìnrin náà lọ ńkọ́, Ọ̀gá?"